Rédíò Tó Bá Ọkọ̀ Àtijọ́ Wá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àtúnṣe àti Ìsọdọ̀tun Rẹ̀

Rédíò ọkọ̀ mi ò tàn rárá. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Fíùsì ni. Méjì ló sábà máa ń wà: ọ̀kan nínú àpótí fíùsì ọkọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn rédíò gan-an, 10A tàbí 15A ló sì máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ti inú àpótí nìkan, wọ́n á wá lọ ra rédíò tuntun nítorí fíùsì kékeré tó jó lẹ́yìn ti àtijọ́. Tí aago, iná inú ọkọ̀ tàbí ihò ìtanná sìgá bá kú pọ̀ mọ́ rédíò, fíùsì kan náà ló ń fún wọn níná, inú àpótí sì ni ó wà.

Tí fíùsì bá dára, ẹ fi míítà wọn iná lẹ́yìn rédíò. Wáyà tí iná rẹ̀ kì í kú gbọ́dọ̀ gbé nǹkan bíi 12.4V sí 12.7V nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Wáyà tó ń tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì padà sí òdo nígbà tí ẹ bá yọ ọ́.

Earth, ìyẹn wáyà tó so rédíò mọ́ ara irin ọkọ̀, ló kàn, òun sì ni wọ́n máa ń gbójú fò jù. Ẹ má fi ohm (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná) nìkan dá a lẹ́jọ́, torí wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo ṣì lè fi ohm tó dára hàn. Kí bọ́tìnnì rédíò wà ní títàn, ẹ fi ẹnu míítà kan sára wáyà earth rédíò, ẹ fi ìkejì sí orí nẹ́gétífì bátìrì, kí ẹ wọn fóòtì. Tí ó bá ju 0.2V lọ, earth yẹn ò mú dáadáa: ẹ tú síkúrù rẹ̀, ẹ ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dè é padà.

Fíùsì tó bá tún jó lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ń sọ fún yín pé wáyà kan ń kan ara ọkọ̀ níbì kan. Ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ láé, nítorí wáyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni yóò jó dípò fíùsì.

Wọ́n yọ orí bátìrì, rédíò wá ń béèrè kóòdù. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ààbò olè ni, ó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ wo inú ìwé ọkọ̀, inú àpótí ìbọ̀wọ́, tàbí lára ilẹ̀kùn àpótí náà; káàdì kékeré tí kóòdù wà lára rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ fa rédíò jáde kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páànù rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn àti ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ yẹn máa fi wá kóòdù fún yín. Lára àwọn Honda kan, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì 1 àti 6 mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń tan rédíò, nọ́ńbà náà á yọ lójú rẹ̀ láìtú nǹkan kan.

Ẹ má máa méfò kóòdù. Ọ̀pọ̀ rédíò Volkswagen máa ń ti ara wọn lẹ́yìn àṣìṣe 2, ẹ ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní títàn fún nǹkan bíi wákàtí 1 kí wọ́n tó gbà kí ẹ tún gbìyànjú. Àwọn mìíràn máa ń ti pa pátápátá lẹ́yìn àṣìṣe bíi 10, nígbà náà ó di ọwọ́ ẹni tó lè ka ìrántí inú bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa fa rédíò jáde láì fọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù?

Ẹ kọ́kọ́ tú orí nẹ́gétífì bátìrì. Tí ọkọ̀ bá ní eábáàgì, ẹ dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ má sì tú púlọ́ọ̀gì kankan tó bá ní àwọ̀ ìyeyè.

Ẹ wo ojú rédíò dáadáa. Tí ihò kéékèèké 2 bá wà ní apá ọ̀tún àti 2 ní apá òsì, irin onígun bíi U ni wọ́n fi ń fà á: ẹ tì í wọlé títí yóò fi ró kọ́, ẹ tẹ irin méjèèjì síta díẹ̀, kí ẹ sì fà á bọ̀ tààrà. Púpọ̀ nínú Ford, Mercedes àti Volkswagen àtijọ́ ló rí báyìí. Tí kò bá sí ihò, síkúrù ló dè é lẹ́yìn férémù ike. Férémù náà fi ìkọ́ kéékèèké kọ́ ara mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni. Irin ike pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi ṣí i, ẹ má fi síkurudíráfà irin. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 7mm, 8mm àti 10mm sábà máa ń tó fún ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ike tó ti pẹ́ nínú oòrùn máa ń gan, á sì kán lójijì. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú un gbóná díẹ̀, tàbí kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí oòrùn bá ti mú inú ọkọ̀ móoru. Bí rédíò bá jáde díẹ̀ tí ó sì dúró, ẹ má fagbára fà á: wáyà áńtẹ́nà ló sábà máa ń dì í mú, ó sì kúrú.

Kí ni àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Lára rédíò tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, àwọ̀ ìyeyè ni iná tí kì í kú, tó ń pa ìrántí mọ́. Pupa ni iná tó ń tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́. Dúdú ni earth. Búlúù wà fún áńtẹ́nà oníná, búlúù onílà funfun sì wà fún títan amplifier. Àwọ̀ ọsàn ń mú kí iná ojú rédíò dínkù nígbà tí ẹ bá tan iná iwájú ọkọ̀. Ní ti sípíkà: funfun ni iwájú òsì, àwọ̀ eérú ni iwájú ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni ẹ̀yìn òsì, àwọ̀ àlùkò ni ẹ̀yìn ọ̀tún. Èyí tó bá ní ìlà dúdú lára ni nẹ́gétífì rẹ̀.

Àwọ̀ wọ̀nyí kò kan wáyà tó wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ o. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ó sì lè yí padà láti ọdún kan sí èkejì nínú irú ọkọ̀ kan náà. Ẹ wá àwòrán wáyà ti ọkọ̀ yín gan-an, kí ẹ sì tún fi míítà fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá lo sọ́kẹ́ẹ̀tì ISO (ìlànà àgbáyé) olójú méjì, ojú iná rẹ̀ ní ihò 8: 4 ni iná tí kì í kú, 5 ni áńtẹ́nà, 6 ni iná ojú, 7 ni kọ́kọ́rọ́, 8 ni earth.

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pa ọkọ̀, rédíò á gbàgbé aago àti gbogbo sítéṣọ̀n. Kí ló dé?

Ìyeyè àti pupa ti gba ipò ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ Volkswagen àti Audi, iná ihò 4 àti 7 wà ní òdìkejì ohun tí ISO sọ, nítorí náà rédíò tuntun tí ẹ kàn kì bọ̀ ọ́ á máa gba iná ìrántí lára kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ rédíò tuntun ní ìsopọ̀ kékeré lára wáyà ìyeyè àti pupa tí ẹ lè tú kí ẹ sì yí padà láìgé nǹkan kan. Tí kò bá jẹ́ ìyẹn, fíùsì ìrántí ló ti jó.

Sípíkà kan ò dún. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òun ló kú tàbí rédíò?

Ẹ kọ́kọ́ yí ohùn láti òsì sí ọ̀tún àti láti iwájú sí ẹ̀yìn lórí rédíò. Ó ń yani lẹ́nu bí ìgbà tí ẹnì kan ti yí i sí apá kan ṣe ń di “sípíkà ti bàjẹ́” lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ẹ tú wáyà sípíkà lẹ́yìn rédíò, kí ẹ wọn ohm láàárín méjèèjì. Sípíkà 4 ohm tó dára máa ń fi nǹkan bíi 3.2 sí 3.8 hàn. Tí míítà bá ní kò sí ìsopọ̀, ẹ gbé bátìrì kékeré 1.5V kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan: sípíkà tó wà láàyè á ta pọ́. Tí kò bá ta, ẹ tún ṣe é ní ẹsẹ̀ sípíkà fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn. Tó bá ta níbẹ̀ tí kò sì ta lẹ́yìn rédíò, wáyà ló gé, ibi tó sì máa ń gé ni inú rọ́bà tó gba àárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ kọjá, nítorí ibẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn. Bátìrì yìí ló tún máa fi pọ́sítífì hàn yín: tí awọ sípíkà bá tì síta, ẹsẹ̀ tí pọ́sítífì bátìrì kàn ni pọ́sítífì rẹ̀.

Tí sípíkà àti wáyà bá dára, ẹ yẹ rédíò wò. Nínú rédíò tó ń lo àwọn áísì (ègé ẹ̀rọ dúdú ara bọ́ọ̀dù) olóhùn 4 bíi TDA7384 tàbí TDA7388, wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ìdajì iná bátìrì, nǹkan bíi 6V sí 7V, sí earth nígbà tí rédíò bá ń ṣiṣẹ́. Wáyà tó bá gbé 0V tàbí 12V nígbà tí àwọn yòókù gbé 6V ń fi hàn pé áísì náà ti jó lápá yẹn. Ohun tó sì ń jó o jù ni kí wáyà sípíkà kan ara ọkọ̀. Ẹ má so nẹ́gétífì sípíkà mọ́ earth láé, bó ti wù kí wọ́n ṣe é nínú ọkọ̀ àtijọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohùn ń ha, ó sì ń gé nígbà tí mo bá yí kókó ohùn.

Èérí àti ìpẹtà wà nínú kókó náà. Ẹ fọ́n omi tí wọ́n fi ń fọ ibi ìsopọ̀ iná, irú DeoxIT, sí ihò kékeré ara rẹ̀, díẹ̀ ni, kí ẹ sì yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìgbà 20 sí 30 láìtan rédíò. Ẹ má lo WD-40 lásán: ó máa ń fi òróró sílẹ̀ tó ń kó eruku jọ. Kókó tí kò ní òpin, tó ń yí lọ yí bọ̀, tó sì ń fo ohùn sókè sódò, ìfọ̀ á ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ojú rédíò ti ṣókùnkùn, tàbí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kò pé mọ́.

Ọ̀ràn méjì ni. Tí ẹ bá ṣì lè ka nọ́ńbà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù ẹ̀yìn ojú náà ló jó. Ẹ wo fóòtì tí wọ́n kọ sí i, ẹ ra irú rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi so wáyà pọ̀) jó o mọ́bẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi LED (iná kékeré tí kì í lo okùn gbígbóná) rọ́pò, ẹ ó fi rẹsítọ̀ kún un: fún LED funfun kan lórí ọkọ̀ 12V, 1,000 ohm jẹ́ iye tó dára, ó ń fi nǹkan bíi 10mA sílẹ̀.

Tí iná bá wà ṣùgbọ́n àwọn ìlà kan kò yọ, okùn pẹlẹbẹ tó so ojú mọ́ bọ́ọ̀dù ló ti ń ṣí kúrò. Èyí tí wọ́n fi ooru lẹ̀ kò ṣeé jó lẹ́ẹ̀dì mọ́. Wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ odindi pẹ̀lú irin gbígbóná pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò sì burú kí ẹ fi ojú tó ṣì dára láti ara rédíò mìíràn tó jọ ọ́ rọ́pò.

Rédíò ń jẹ téèpù kásẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́líìtì rọ́bà inú rẹ̀ ti yọ́ tàbí ti gùn. Àwọn bẹ́líìtì ọjọ́ pípẹ́ máa ń di ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan, ẹ ó sì fi ọtí isopropyl àti òwú nu ọ̀dà náà kúrò pátápátá kí ẹ tó fi tuntun sí i, torí díẹ̀ tó bá kù á mú kí tuntun máa yọ̀. Ẹ wọn ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà yí ká pẹ̀lú òwú, kí ẹ sì ra èyí tó fi nǹkan bíi 5% kúrú sí i.

Ẹ fi ọtí kan náà nu orí tó ń ka téèpù àti rọ́bà tó ń tẹ téèpù mọ́ irin. Rọ́bà tó bá ti dán bíi gíláàsì ni ó ń jẹ́ kí téèpù yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó sì wé mọ́ ọn. Ẹ fi bébà ẹlẹ́gùn-ún tó dán díẹ̀ ha ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́.

Sídì kò ka mọ́.

Ẹ fi òwú tó rin díẹ̀ nínú isopropyl nu gíláàsì kékeré tó ń tan iná sí sídì, láìtẹ̀ ẹ́, torí orí okùn tín-ín-rín ló wà. Bó bá ka sídì tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ tí kò sì ka èyí tí wọ́n kọ nílé, iná lésà rẹ̀ ti rẹ̀ ni, tàbí pé rédíò náà ti dàgbà ju ohun tí wọ́n ṣe é láti ka lọ. Nínú irú èyí, ẹ fi owó náà sí ọ̀nà tí fóònù yóò fi bá rédíò sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí fóònù mi máa dún nínú rédíò àtijọ́ yìí, mi ò sì fẹ́ yọ ọ́. Ọ̀nà wo ló dára jù?

Ẹ wo ẹ̀yìn rédíò bóyá ihò ẹ̀rọ aláyípo sídì wà. Ọ̀pọ̀ rédíò àwọn ọdún 1990 sí 2000 ní in, wọ́n sì ń ta àpótí kékeré tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ náà, tó ní Bluetooth tàbí ihò AUX (ihò tí wáyà fóònù ń wọ̀). Kò sí gígé wáyà, ohùn sì mọ́. Ẹ rí i dájú pé èyí tí ẹ ń rà bá irú rédíò yín gan-an mu, kì í ṣe irú ọkọ̀ nìkan. Èyí ni a fẹ́ràn jù.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni adápútà kásẹ́ẹ̀tì, fún rédíò tó ní ihò kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn rẹ̀ dára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ bí orí ìkàwé bá mọ́. Ẹ̀rọ FM tó ń gba ihò ìtanná sìgá ni ó gbẹ̀yìn, nítorí ohùn ń hó ní ibikíbi tí sítéṣọ̀n bá ń dà mọ́ ìgbì tí ẹ yàn. Irú rẹ̀ tó ń dá sí àárín áńtẹ́nà àti rédíò, tó ń gé áńtẹ́nà kúrò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, dára jù ú lọ púpọ̀.

Ẹni tó bá lè jó lẹ́ẹ̀dì lè fi ihò AUX sínú rédíò fúnra rẹ̀. Ẹ wá ibi tí ohùn ń wọ kókó ohùn, ẹ gé ọ̀nà òsì àti ọ̀tún níbẹ̀, kí ẹ sì fi súwíìṣì olójú méjì yàn láàárín ohùn àtilẹ̀wá àti fóònù. Kàpásítọ̀ bíi 4.7µF kan lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á dá iná DC dúró kó má bàa wọ inú fóònù. Ẹ so earth ihò náà mọ́ earth ohùn inú bọ́ọ̀dù, kì í ṣe mọ́ páànù.

Ọkọ̀ mi wá láti Japan, FM rẹ̀ kò gba ju sítéṣọ̀n mélòó kan lọ.

FM Japan wà láti 76MHz; rédíò àtijọ́ rẹ̀ dúró ní 90MHz. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lo 87.5 sí 108MHz, nítorí náà ibi díẹ̀ ni méjèèjì ti pàdé. Àpótí kékeré kan wà tó ń wọ àárín áńtẹ́nà àti rédíò, tó ń sún gbogbo sítéṣọ̀n wálẹ̀. Iye tó fi ń sún un wà lára rẹ̀, ẹ sì máa yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà sítéṣọ̀n láti mọ ibi tí yóò ti yọ. Ó máa ń dín agbára ìgbì kù díẹ̀, kò sì lè kó gbogbo FM wọ inú àyè 14MHz. Ẹni tó bá fẹ́ràn rédíò púpọ̀ á tètè rí i pé pípààrọ̀ rédíò ló ń yanjú rẹ̀.

Rédíò láti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń fo 0.2MHz lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń dúró ní ìdá kẹwàá tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba nìkan: 98.1, 98.3, 98.5. Sítéṣọ̀n tó bá wà lórí 98.4 kò ní dún dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ní ìyípadà agbègbè nínú àkójọ ètò, tàbí àwọn bọ́tìnnì méjì tí ẹ ó tẹ̀ pọ̀.

FM rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn tí mo fi rédíò tuntun sí i.

Áńtẹ́nà tó wà nínú gíláàsì tàbí tó kúrú lórí òrùlé sábà ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi agbára kún ìgbì, ẹ̀rọ náà sì nílò 12V. Rédíò àtilẹ̀wá ń fi iná yẹn ránṣẹ́ gba inú wáyà áńtẹ́nà fúnra rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù. Adápútà áńtẹ́nà tó ní wáyà búlúù kékeré lára ni ẹ nílò. Ẹ so búlúù náà mọ́ búlúù rédíò.

Fún áńtẹ́nà gígùn lásán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára rédíò, kí ẹ wọn ohm: láti àárín púlọ́ọ̀gì dé orí irin áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ so, láti àárín sí ara ìta púlọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ so rárá. Tó bá so, omi ti wọ inú rẹ̀.

Rédíò wo ló máa wọ ihò tèmi?

DIN ni ìwọ̀n ihò rédíò tó wọ́pọ̀: DIN kan jẹ́ 180mm ní ìbú àti 50mm ní gíga. DIN méjì jẹ́ 180mm àti 100mm. Toyota ní tirẹ̀ ń fi ihò tó fẹ̀ tó 200mm sílẹ̀, nítorí náà DIN méjì lásán á fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àyàfi tí ẹ bá ra ike tó ń dí i. Ẹ wọn jíjìn ihò náà pẹ̀lú: rédíò tí kò ní ihò sídì kúrú gan-an, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún wáyà. Àyè yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ nígbà tí adápútà mẹ́ta bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí “50W × 4” tó wà lára páálí tàn yín. Agbára tó ń jáde láìdáwọ́dúró láti inú rédíò tó ń lo 12V láìsí amplifier wà ní nǹkan bíi 15W sí 22W fún sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Ṣé mo lè gé púlọ́ọ̀gì àtilẹ̀wá kí n sì so wáyà pọ̀ tààrà?

Rárá. Ẹ ra adápútà tó ní púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ yín lápá kan, kí ẹ so òpin rẹ̀ kejì mọ́ wáyà rédíò tuntun lórí tábìlì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ohun gbogbo á wá di kíkì bọ̀ lásán nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà ọkọ̀, tàbí tí rédíò tuntun bá kú, ẹ lè dá ti àtijọ́ padà ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń di àdììtú fún gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà.

Níbi ìsopọ̀, ẹ jó o ní lẹ́ẹ̀dì kí ẹ sì fi rọ́bà ìsúnkì bò ó, tàbí kí ẹ lo irin ìfúnpọ̀ pẹ̀lú pílíásì tirẹ̀. Ẹ má lọ́ wáyà pọ̀ kí ẹ kàn lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn: ooru dáṣíbọ́ọ̀dù á yọ́ àtè rẹ̀, wáyà á sì máa kan ara wọn.

Ariwo kan ń pariwo, ó sì ń ga bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré.

Alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì ọkọ̀, ni. Ẹ pa ohùn sí òdo: tí ariwo náà bá dákẹ́, ọ̀nà tí ohùn gbà wọlé ló ń mú un wá, bíi wáyà AUX tàbí áńtẹ́nà, tí kò bá dákẹ́, iná tàbí earth ni. Ẹ yọ áńtẹ́nà kúrò. Tó bá dákẹ́, earth ìdí áńtẹ́nà ti pẹtà.

Tó bá jẹ́ pé fóònù tó ń gba iná nínú ọkọ̀ ló ń mú un wá nípasẹ̀ AUX, earth méjì ló pàdé. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń pín earth níyà sí àárín wáyà AUX. Fún iná, ẹ tún earth rédíò ṣe ṣáájú, ẹ má ra fílítà lákọ̀ọ́kọ́. Ariwo tí kò kúrò rárá, tí iná iwájú sì ń tàn wálẹ̀ tàn sókè díẹ̀, ó lè jẹ́ dáyóòdù inú alternator ló ti kú, èyí sì kúrò nínú ọ̀ràn rédíò.

Bátìrì ń kú mọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti fi rédíò sí i.

Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 30 kí gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sùn, kí ẹ sì wọn iná tó ń kọjá láàárín orí nẹ́gétífì bátìrì àti wáyà rẹ̀. 50mA tàbí kí ó kéré sí i ló dára. Tó bá ga, ẹ yọ fíùsì rédíò: bí ó bá wálẹ̀ lójú kan náà, ẹ ti rí i.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n so pupa pọ̀ mọ́ ìyeyè, kí rédíò lè máa tàn láìsí kọ́kọ́rọ́. Rédíò ò wá lè sùn. Tó bá ń jẹ 500mA, bátìrì 60Ah á ṣófo ní ọjọ́ 5, ọkọ̀ ò sì ní tan mọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Amplifier tí wáyà búlúù onílà funfun rẹ̀ ń gba iná ní gbogbo ìgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ mi ní ẹ̀rọ ohùn Bose láti ilé-iṣẹ́. Mo pààrọ̀ rédíò, kò dún mọ́.

Amplifier rẹ̀ wà níbòmíràn, lábẹ́ àga tàbí nínú búùtù, ó sì ń dúró de àṣẹ títàn. Ẹ so búlúù onílà funfun rédíò mọ́ wáyà àṣẹ amplifier náà. Ohùn tó ń wọ inú rẹ̀ kéré. Tí ẹ bá fi wáyà sípíkà rédíò tuntun sínú rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń dín ohùn kù, á máa fọ́ ohùn, ó sì lè bàjẹ́.

Ẹ má rò pé ẹ lè yọ amplifier kúrò kí ẹ sì lo àwọn sípíkà rẹ̀ tààrà. Púpọ̀ nínú sípíkà Bose jẹ́ 2 ohm tàbí kéré sí i; rédíò tí wọ́n ṣe fún 4 ohm á gbóná títí áísì rẹ̀ yóò fi jó. Ó jẹ́ pé ẹ fi amplifier sílẹ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ sípíkà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn rédíò mi, mi ò rí wáyà tó ń tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ rárá.

Ọkọ̀ yín ń fi CAN, ìyẹn wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣiṣẹ́: kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún rédíò pé kọ́kọ́rọ́ ti yí. Ẹ nílò ẹ̀rọ agbedeméjì tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí wáyà pupa 12V, tó sì ń mú bọ́tìnnì ara sítíáríìnì ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ohùn ìkìlọ̀ ilẹ̀kùn àti bẹ́líìtì ìjókòó náà máa gba inú rédíò jáde, bíi ti àwọn General Motors kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tó ní sípíkà fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ìkìlọ̀ náà á dákẹ́.

Tí okùn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa bá wà lẹ́yìn rédíò, MOST ni, okùn ìmọ́lẹ̀ tó so rédíò àti àwọn ohun èlò ohùn mìíràn pọ̀ bí òrùka, irú tó wà nínú BMW, Mercedes àti Audi kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ra jù, ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ohun èlò kan tí ẹ bá yọ kúrò nínú òrùka náà, gbogbo òrùka á dákẹ́, àyàfi tí ẹ bá fi ìsopọ̀ kékeré dí àyè rẹ̀.

Rédíò náà ń tàn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, kò ní báàsì, ó sì ń sàn bí ó bá gbóná.

Kàpásítọ̀ ti gbẹ. Nínú rédíò tó ti ju ọdún 20 lọ, a máa ń pààrọ̀ gbogbo àwọn onírin yíyípo pa pọ̀, nítorí èyí tó kù á tún kú lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ra iye µF kan náà, fóòtì kan náà tàbí tó ga jù, àti irú 105°C. Ìlà ara rẹ̀ ni nẹ́gétífì. Ẹ ya àwòrán bọ́ọ̀dù kí ẹ tó yọ ẹyọ kan. Áyọ́ọ̀nù (irin gbígbóná tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì) ní nǹkan bíi 350°C, kì í pẹ́ lójú kan, kí ọ̀nà bàbà má bàa ṣí.

Tí ẹ bá gbóòórùn bí ẹja nígbà tí áyọ́ọ̀nù kàn án, omi inú rẹ̀ ti jò. Ẹ fọ ibẹ̀ pẹ̀lú isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi míítà tẹ̀ lé gbogbo ọ̀nà bàbà tó yí i ká. Nígbà tí bọ́ọ̀dù bá wà níta, ẹ wo lẹ́ẹ̀dì tó wà nídìí púlọ́ọ̀gì àti áísì ńlá pẹ̀lú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Òrùka dúdú tó yí ẹsẹ̀ irin ká ni ìsán, ẹ tún un jó.

Ọkọ̀ mi jẹ́ ti àwọn ọdún 1950 tàbí 1960. Kí ló yàtọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ iná rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn jẹ́ 6V. Ọ̀pọ̀ Volkswagen Beetle lo 6V títí di nǹkan bí ọdún 1966 sí 1967. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi pọ́sítífì ṣe earth. Rédíò tuntun tí ẹ bá so mọ́ irú rẹ̀ láìwọn nǹkan kan á jó lójú ẹsẹ̀. Kí páànù rédíò má kan ara ọkọ̀ tí pọ́sítífì jẹ́ earth, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tó ń yí iná padà.

Rédíò onígílóòbù (èyí tó ń lo gílóòbù gíláàsì dípò tiransísítọ̀) ní iná tó lè tó 200V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú, tó sì ń kù nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Ẹ jẹ́ kí ó tú dànù pẹ̀lú rẹsítọ̀ kí ọwọ́ tó wọlé. Ẹ má tan án láìsí sípíkà lára rẹ̀. Tiransifọ́mà ohùn rẹ̀ lè jó. Bákan náà, ọ̀pọ̀ rédíò Delco àwọn ọdún 1960 ń fẹ́ sípíkà 10 ohm. 4 ohm á mú kí tiransísítọ̀ ohùn rẹ̀ gbóná títí á fi kú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú rédíò wà bí ó ti wà lè ní kí wọ́n kó bọ́ọ̀dù tuntun tó ní FM àti Bluetooth sínú páànù àtijọ́. Kókó méjèèjì àti abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ fún yín nínú àpò, títí kan síkúrù, torí irú àwọn ohun èlò yẹn ti ṣọ̀wọ́n gidi.